Òkìtì Ìgò Fiacre

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ. Fiacre Àlàgbé, Akọ̀wé Ààtàn, Ekùn Orí Ìdọ̀tí, Arìnnà-òkun-má-tutù-lẹ́sẹ̀! Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò ní Bẹ́ljíìkì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ń tún ohun àlòkù lò, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ròyìn rẹ̀ ní Oko-Akarè, ẹ ó rò pé Mósè ni ó ti orí Sínáì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wàláà méjì.

Bíbó bébà ara ìgò ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ́hùn-ún. Ó ń bó o láàárọ̀, ó ń bó o nírọ̀lẹ́. Nílé, ó ní òun "ń darí ìgò". Ẹ̀wù àwọ̀lékè òféfèé tí ń dán, irú èyí tí àwọn tí ń la títì ń wọ̀, tí ẹgbẹ́ náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, ni ó ń wọ̀ lọ sí Mísà.

"Fiacre," ni Oyèkẹ́mi, àbúrò baba rẹ̀ obìnrin tí ó tọ́ ọ dàgbà, wí, "ṣé títì ni ẹ fẹ́ là gba inú ìjọ kọjá ni?"

"Tàǹtí, ohun ọlá ni. Kò lè yé yín."

Wàyí o, ẹgbẹ́ náà ní àyè kan ṣoṣo fún ẹni tí yóò padà lọ fún odindi ọdún kan. Ẹni tí ó bá kọ ìrònú rẹ̀ lórí oṣù mẹ́ta náà, tí ó sì lè fi iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nílé hàn, ni yóò gba àyè náà. Fiacre kọ ojú ewé mẹ́fà. Ó ní ìgò oníke ti bo ilẹ̀ Adja-Ouèrè mọ́lẹ̀, òun nìkan ni ó sì ń kó o. Wọ́n fèsì pé Màdáàmù Félicité, aṣojú wọn ní Kutọnu, ń bọ̀ wá wo òkìtì náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Òkìtì wo? Fiacre rìn dé Massè, ó rìn dé Tatonnonkon, kò rí ìgò kan nílẹ̀. Ta ni í sọ ìgò nù lọ́dọ̀ wa? Èyí tí kò sí lọ́wọ́ elépo wà lọ́wọ́ adẹ́mu. Olúkúlùkù ìyá elépo ni ó so òwú tirẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀, ìyá yìí pupa, ìyá tọ̀hún dúdú, kí ti ẹnìkan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Olúwa pàápàá, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún jẹun yó, ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ. Àwọn ìyá wa ti ń gbọ́ràn yìí kí a tó dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ ní Bẹ́ljíìkì.

Ni ọlọ́gbọ́n wa bá ń wọ ilé dé ilé lọ́jọ́ Ajé. "Ẹ yá mi ní ìgò yín. N ó fi ọgbọ́n òyìnbó fọ̀ ọ́. Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kí ọkọ̀ tí ń wá kó epo tó dé, n ó ti dá a padà."

Wòlíì kan ti rán opó kan níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, pé kí ó yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó má sì yá díẹ̀. Òróró ni ó kún ìkòkò ti opó náà. Fiacre rọ ẹrẹ̀ sí tirẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ pa á lára, kí ó lè jọ ìdọ̀tí.

Ì bá fi òkìtì náà han àlejò ní kọ̀rọ̀, ì bá yè bọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹun láìsí òǹwòran. Nígbà tí Félicité dé lọ́jọ́ Ẹtì, Fiacre pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi máńgòrò níbi òkìtì náà, ó sì gbé ìwé rẹ̀ fún Katikíìsì Félicien kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn.

Félicien wo ìwé, ó wo Fiacre. "Ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí n kà?"

"Ẹ má fo ọ̀rọ̀ kan, Katikíìsì. Ẹ kà á sókè."

Félicien bá kà á sókè: "'Àwọn ènìyàn mi kò mọ iyì ìgò. Bí wọ́n bá lò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn a jù ú sígbó. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wú òkìtì yìí nínú ẹrẹ̀. Ìyá tí ó tọ́ mi dàgbà pàápàá, èmi ni mo kọ́ ọ pé a máa ń fọ ìgò.'"

Fiacre tẹrí ba, ó ń retí àtẹ́wọ́.

"Ìyá wo?" ni Oyèkẹ́mi bèèrè.

Ó dìde, ó lọ sídìí òkìtì, ó fi etí ìró nu ọrùn ìgò kan. Òwú pupa yọ.

"Màdáàmù, ẹ kú ìrìn o. Ọdún karùn-ún ìgò yìí lọ́wọ́ mi nìyí. Ó mọ́ tónítóní nígbà tí ọmọ yìí wá yá a."

"Tàǹtí, ẹ̀ ń ba ìrìnàjò mi jẹ́!"

"Èmi ha ni mo rọ ẹrẹ̀ sí i bí?"

"Olówùú dúdú, tèmi nìyí!" ni Victorine elépo ké. "Tèmi dà?" ni ẹlòmíràn ké. Ràzákì adẹ́mu fa bídọ̀n tí ó fi ń rọ ẹmu yọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. "Ẹmu ṣì ń ta sánsán níhìn-ín. Ààtàn ìlú wo ni ó ń mu ẹmu?"

Òkìtì tí yóò gbé Fiacre la òkun kọjá ń fọ́n ká lójú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Fiacre," ni Félicité wí jẹ́jẹ́, "èwo gan-an ni ìdọ̀tí nínú gbogbo èyí?"

Fiacre wò yíká. Ohun gbogbo ni ó ní olúwa, àfi ẹyọ ohun kan.

"Ẹrẹ̀ ni, Màdáàmù."

Ẹ̀rín bú lábẹ́ máńgòrò. Félicité fa ìlà gba orí orúkọ kan nínú ìwé rẹ̀, ó sì yíjú sí Oyèkẹ́mi. "Ọdún márùn-ún, ìyá? Ìgò kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ ṣàlàyé fún mi."

"N kò ráyè jókòó, ọmọ mi. Ọ̀la ni ọkọ̀ ń bọ̀ láti Pobè, epo wa ò sì ní ohun tí a ó rọ ọ́ sí."

Gbogbo ojú yí sí Fiacre. Ẹnìkan gbé ọpọ́n omi síwájú rẹ̀, ẹnìkan ju kànìnkànìn sí i. Níṣojú ìlú tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè jọ, ó káwọ́ ẹ̀wù, ó lóṣòó, ó sì fọ ìgò àkọ́kọ́.

Oyèkẹ́mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó wo inú rẹ̀ fínnífínní. Ó dá a padà.

"Tún un fọ̀."