Ìyá Ìyàwó Ń Ṣọ́ Kòkòrò

Ogún kòkòrò péré ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi lé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ogún! Kì í ṣe ogún kìnnìún o.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí ẹ̀rín ti ń pa mí!

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la máa ń pe ọ̀rẹ́ mi yìí, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí. Bó bá fẹ́ ṣí ìgò, á kọ́kọ́ bẹ ìgò náà. Ọdún márùn-ún gbáko ló ti fi ń wádìí bí ara kòkòrò ṣe máa ń jẹ àlòkù ara rẹ̀ nígbà tí ebi bá dé. Ó ní purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Bí kòkòrò bá yó, àmì kékeré kan á lẹ̀ mọ́ purotéènì yẹn lára, á tì í pa bí àgádágodo. Bí ebi bá dé, àmì á já bọ́, sẹ́ẹ̀lì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ògbólógbòó ẹrù inú ara rẹ̀ jẹ, wọ̀mùwọ̀mù! Tó o bá pa á láró, tó o wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ibi tó ti ń jẹ ara rẹ̀ á máa tàn pupa, tó-tó-tó. Ti èyí tó yó á dúdú kirikiri.

Ọjọ́ tó fi kòkòrò lé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ yìí ni olùdánwò tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni baba náà ti lé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà. Bó bá tún lé e padà lẹ́ẹ̀kẹta, ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé di àwátì nìyẹn, ọdún márùn-ún wọgbó.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn nílé lọ́sẹ̀ náà. Màmá ní òun ò lè jókòó kí òun máa wo ògiri, ló bá tẹ̀ lé e wá síbi iṣẹ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé tíréè méjì kalẹ̀. Kòkòrò mẹ́wàá wà nínú ọ̀kan, ewé kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Mẹ́wàá wà nínú ìkejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi afẹ́fẹ́. Ó lẹ ìwé mọ́ ti àkọ́kọ́: AYÓ. Ó lẹ ìwé mọ́ èkejì: EBI.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ tẹ ìwé mi ní ilé kejì. Ẹ bá mi ṣọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n."

"Máa lọ, ọkọ ọmọ mi. Ọmọ méje ni mo tọ́ yanjú. Ṣé kòkòrò ló wá máa ṣòro fún mi?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ya wèrè. Ó ń gbé ìwé mì, ó ń pọ̀ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ há síbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Èmi náà yọjú ní nǹkan bí aago mọ́kànlá pé kí n mú ìgò mi.

Pàá! Màmá gbá mi lọ́wọ́.

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n!"

"Màmá, ìgò mi ni mo fẹ́ mú o."

"Ìgò ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Jáde!"

Mo jáde. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Aago méjì lù, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sáré dé, olùdánwò wọlé, ojú le koko, èmi náà yọ́ tẹ̀ lé wọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú kòkòrò kan níbí, ó mú kan lọ́hùn-ún, ó yọ ọ̀rá inú wọn díẹ̀, ó pa á láró, ó kì í bọ abẹ́ awò. Àwòrán yọ gàgàrà lójú sikirínì. Màmá jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀.

"Sà, èyí ni AYÓ. Dúdú ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan."

Tó-tó-tó-tó! Pupa yòò! Gbogbo sikirínì ń tàn.

Òógùn bo Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yáa gbé EBI síbẹ̀.

Dúdú kirikiri.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni olùdánwò wí, "ìwọ lo kọ̀wé pé ebi ló ń jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Àwọn tó yó ló wá ń jẹ ara wọn yìí?"

"Sà... ó jọ pé... wọ́n yó, sà, wọ́n yó débi pé... ebi ń pa wọ́n."

Yé! Mo ki ìka bọ ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

Olùdánwò ń pa ìwé rẹ̀ dé. Ni Màmá bá dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọkọ ọmọ mi. Àwọn tó wà nídìí ewé yẹn lebi ń pa."

"Báwo, Màmá?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò wọ́n. Àwọn kan ń jẹ, àwọn kan ń wò wọ́n lẹ́nu. Ó tún wá kọ EBI sí wọn lára! Ó mọ̀ o, kò sì fún wọn lóúnjẹ! Mo fara dà á, mo fara dà á. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, 'Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun, ẹ dìde fún àwọn tí ò tíì jẹun.' Mo kó ti ibí sọ́hùn-ún, mo kó ti ọ̀hún síbí. Mo kà wọ́n, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan ò dín."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ẹnu. Ìyá ìyàwó ẹni kọ́ lèèyàn ń jágbe mọ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé é, Màmá," ló wí.

Olùdánwò wo sikirínì, ó wo Màmá. Èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gììrì, gììrì. Ẹ̀rín ni! Awò ojú rẹ̀ ré bọ́, gbàrà, sílẹ̀.

"Àwọn tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ ló ń tàn yìí! Oúnjẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì dé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí! Ẹni tó ń wo inú awò ò sì mọ èyí tí ebi ń pa, kò lè fojú ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Torí pé ó máa ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gan-an ni mo ṣe lé e padà lẹ́ẹ̀mejì! Ta ló wá ṣètò iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni," ni Màmá wí, ó ń tún gèlè wé.

Olùdánwò nu ojú, ó mú bírò, ó kọjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá ti yege. Ó ku ìwọ. Kí ni ipa tìrẹ nínú iṣẹ́ yìí?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nàró ṣánṣán.

"Sà, èmi ni mo mú Màmá wá."