Omi Ráfíátù àti Bááṣì Mi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé, ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kẹjọ, lásìkò vakáǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé, ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Tchaourou. Títí dòní, tí mo bá rí i tí wọ́n ń ri òpó bááṣì, ìyẹn àtíbàbà, mọ́lẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, etí mi a máa gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò lọ sí ilé-ìwé iná kankan. Rédíò àwọn Fúlàní darandaran ni mo fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n á gbé e wá, màá tú u, màá tún un tò, nígbà mìíràn ìdè irin mẹ́ta á ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí pánò dé, ìyẹn àwọn awo dúdú tó ń sọ oòrùn di iná, mo wo fídíò wọn lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n. Lónìí, mo lè fojú lásán wo wáyà kí n sọ fún yín bó ṣe nípọn tó. Mo sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Tata Odile, àǹtí gbogbo wa, ló pè mí. Olùkọ́ ni, ọmọ Tchaourou, tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou. Owó àpò ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló fi kó ọmọ mẹ́rìnlélógún jọ láti Tchaourou, Tchatchou àti Sanson, kí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iná tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Èmi, tí àwọn ọmọ náà ń pè ní tonton bí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, mo rò pé mò ń lọ kọ́ wọn ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ń jí kọ nǹkan sínú ìwé mi nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ṣùkù àgbàdo ṣe èédú tí kò léèéfín. Wọ́n po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi nínú àgbá tí wọ́n dé pa, wọ́n dúró ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tó jáde níbẹ̀ se ẹyin. Tata Odile ló kọ́kọ́ jẹ ẹyin náà níṣojú gbogbo wa. Mo ní mo ti yó.

Nínú gbogbo wọn, Ráfíátù ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti Sanson, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe póǹpù: pánò mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún wọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan, a so wọ́n ní méjì-méjì, kò sí bátìrì, oòrùn tààrà ni póǹpù ń mu. Á fa omi kànga ilé-ẹ̀kọ́, tí kò jìn ju mítà mẹ́rin lọ lásìkò òjò, á dà á sínú àgbá. Ráfíátù fúnra rẹ̀ ló so gbogbo wáyà. Bí ẹni ń dirun ló ṣe ń ṣe é: á pín in, á yí i, á fún un, á fà á wò. Mo yẹ ìsopọ̀ mọ́kànlá wò, mi ò rí ìkankan tí mo lè bá wí. Inú mi dùn, ó sì bí mi díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ọmọ yìí. Ó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Parakou. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, kò kọ̀, kò sì gbà. Ohun tó sọ fún tata Odile ni pé, "Màá wá lọ́jọ́ tí ẹ bá ń parí. Tí mo bá fojú mi rí omi, á lọ. Tí mi ò bá rí i, ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Savè ló ń lọ, á máa bá a tajà." Gbogbo wa la mọ̀. Nítorí náà, kí ọjọ́ náà tó pé, mo ti búra nínú ara mi pé lójú tèmi, omi á jáde.

Èmi ni wọ́n fi ètò ìjókòó àlejò lé lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹ lè pe àgbà kí oúnjẹ má kárí, yóò dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sínú oòrùn. Mo lọ yá bááṣì ńlá kan, èyí aláwọ̀ búlúù, mo sì ronú pé kí àwọn àgbà má baà na ọrùn kí wọ́n tó ríran, mo gbé e sún mọ́ pánò, ní ìwọ̀ oòrùn wọn. Mo wọn àyè àárín wọn: mítà kan àti ààbọ̀. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo wo òjìji bááṣì. Ó ṣubú sí apá kejì, ó jìnnà sí pánò. Agogo mẹ́wàá ni a kọ sínú ìwé ìpè. Mo fi wáyà irin so okùn bááṣì náà mọ́ ìdí òpó, ìyípo mẹ́jọ-mẹ́jọ, nítorí atẹ́gùn òjò. A tan póǹpù wò, omi tú yaa. Ráfíátù rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa ti mọ ohun tí mo gbàgbé. Ta ló ń dé ní agogo mẹ́wàá? Àwọn ìyá dé ní méjìlá. Bàbá Ráfíátù ní òun á kírun àílà ná. Olórí àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, dé ní agogo méjì kọjá, a sì ní láti tún gbogbo ìkíni kí. Ṣẹ́ẹ̀fù sọ̀rọ̀. Tata Odile sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí èmi náà sọ ìwọ̀nba. Mo dìde nínú agbádá bàsán funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí pánò kọjú sí oòrùn. Bàbá Ráfíátù sùn. Ní gbogbo àsìkò yìí, ojú ọ̀run ni mò ń wò, kí ìkùukùu má baà dójú tì wá. Ìkùukùu ò sí. Oòrùn mọ́ kedere. Ọkàn mi balẹ̀.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀, Ráfíátù tan póǹpù. Ó kùn, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó dákẹ́. Omi ò jáde.

"Ó ń mí ni," mo sọ fún àwọn àlejò. A dúró. Kò mí.

Mo gbé mẹ́tà mi tó ń wọn agbára iná, mo fi kan wáyà. Mẹ́jọ ló fi hàn, níbi tó yẹ kó ti sún mọ́ mẹ́rìndínlógójì. Mo gbọn orí bí dókítà.

"Tonton," Ráfíátù sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, "ẹ jọ̀ọ́, bóyá—"

"Dúró ná, ọmọ mi. Ìsopọ̀ ló tú." Mo gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é: "Ta ló so wáyà yìí?"

"Èmi ni, tonton."

"Ṣé o rí i báyìí?"

Kí ló fẹ́ sọ? Níwájú ṣẹ́ẹ̀fù, níwájú bàbá rẹ̀, ṣé ó máa sọ fún àgbà pé ó ṣì í? Mo mú èmú, mo gé ìsopọ̀ rẹ̀ mẹ́ta, mo sì tún wọn so. Mẹ́tà ṣì ní mẹ́jọ. Bon, ó dáa, póǹpù ni nígbà náà. Mo tú ẹnu rẹ̀, omi inú rẹ̀ dà sílẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú bàsán funfun. Apá aṣọ mi kan kó sínú korobá. Mo yọ ọ́, mo fún un, mo dì í mọ́ ọrùn kó má dí mi lọ́wọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìyá kan láti Tchatchou ké sí mi látẹ̀yìn. "Tonton, ṣé ká lọ bá yín pọnmi wá, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan fi hàn wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ráfíátù dìde, ó gbọn ìdí agbádá rẹ̀. "Bon," ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í. "Wọ́n ní kí n wá wo omi. Apá aṣọ tonton nìkan ni mo rí tó tutù."

Mo gbé èmú sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rín. Mo wo Ráfíátù, mo rí i pé Savè ló ti ń wò.

Ó rìn kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, kẹ́ ẹ tó lọ, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Tẹ́ ẹ bá bẹ́ iṣu tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe gbodo, ṣé ẹ lè sá a síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Lábẹ́ bááṣì? Á bu kó tó gbẹ."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Oòrùn ò dé ibẹ̀ ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Àwọn pánò wa náà, bí gbodo ni wọ́n ṣe rí."

Ọkùnrin náà wo etí bááṣì, ó tẹ̀lé òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dé ìdí pánò. Lórí iyẹ̀pẹ̀, òjìji hàn ketekete. Lórí pánò tó dúdú tẹ́lẹ̀, kò hàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń fọwọ́ wo gbodo tó wà lórí àpáta. "Èyí tutù," ó ní. "Èyí náà tutù. Eléyìí tutù. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló gbóná."

Mo wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, èmi tí mo mọ̀ pé oòrùn kì í dé àárín orí wa kó tó di agogo kan, èmi tí mo wọn mítà kan àti ààbọ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n tú bááṣì. Kò tú. Ṣẹ́ẹ̀fù fúnra rẹ̀ gbìyànjú ìdí òpó kan, ó fi èékánná ha wáyà irin mi, ó sì yíjú padà. "Ta ló so wáyà yìí?"

"Èmi ni," mo ní.

Kò sí ohun méjì mọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ fa òpó tu, ṣẹ́ẹ̀fù di ọ̀kan mú, bàbá Ráfíátù di ọ̀kan mú, wọ́n sì gbé odindi bááṣì rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn bí ẹni gbé pósí. Ráfíátù ti bu omi kún ẹnu póǹpù, ó sì ti dé e. Èmi ń wá iṣẹ́ tí màá fi bo ìtìjú mi. Mo yọ rọ́bà tó ń gbé omi jáde kúrò nínú àgbá, mo gbé ẹnu rẹ̀ sójú, mo ń yọjú wò ó bóyá nǹkan dí i.

Ẹ ò ní béèrè bóyá póǹpù ọmọ náà dára. Omi gbá fìlà mi lọ.

Nígbà tí mo ríran padà, bàbá Ráfíátù ti na ọwọ́ sí ẹnu rọ́bà náà, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn láàárín ìka rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi tata Odile pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ń wọlé ní Parakou?"

Mo mọ̀ pé ó ku iṣẹ́ kan fún mi, òun ló sì wúwo jù. Mo lọ bá Ráfíátù láàárín gbogbo wọn, omi ń kán lára mi. "Mo gé ohun tó dára, mo sì fi ẹ̀bi kàn ẹ́ lójú àwọn èèyàn," mo ní. "Ojú wọn náà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́: má bínú." Ó wolẹ̀, ó ní kò burú, ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń jẹ iyán iṣu tuntun, bàbá rẹ̀ wá jókòó tì mí. "Tonton, mẹ̀sí, ẹ ṣeun," ó ní. Mo bi í bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Rárá. Ká ní omi yẹn tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ǹ bá sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ìgbà tó kọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi mọ ohun tó ń ṣe."

Ohun tí mo kọ́ nìyí, mo sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀: tí nǹkan bá kọ̀ láàárín èrò, ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí n tó pe orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo tún kọ́ pé ẹni tó ń wòkè nìkan, ilẹ̀ á fi í ṣẹlẹ́yà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Ráfíátù fọwọ́ kan ìsopọ̀ mẹ́ta tí mo ṣe. Wọ́n ti ń gbóná, torí mi ò fún wọn dáadáa. Ó gé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn so, èmi sì bá a di èmú mú láìsọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, ó wo ohun tí mo ti so tẹ́lẹ̀, ó wò mí, ó sì fi gbogbo ìwà ọmọlúàbí sọ pé, "Ẹ gbìyànjú, tonton." Ẹ̀rín gbá mi mú débi pé mo jókòó sílẹ̀. Ó dùn mí náà ṣá, díẹ̀.