Wolé-wolé Kágò Lọ́dọ̀ Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ ilé onílé, tó ń ṣí ìkòkò omi olómi wò, ìjọba lè ní kó lọ sinmi, ojú rẹ̀ kì í sinmi. Bí ọ̀rọ̀ Bàbá ṣe rí nìyẹn. Wolé-wolé ni. Ó ti fẹ̀yìntì, àmọ́ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ń gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí, ó jókòó nínú pálọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé tí àwọn aládùúgbò ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, fóònù ló ń dáhùn níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ló fi ń jẹun, ó wá lọ bí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì, ó ń sáré, ó ń tú àpótí, ó ń já bàtà, ṣùgbọ́n kò tíì pe ìyá rẹ̀ ní màmá rí. Ìyá Onílé ni Bàbá ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń rìn ká yàrá láìsọ̀rọ̀, bí onílé tó ń wo ohun tí ayálégbé fi ilé òun ṣe. Nọ́ọ̀sì ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní ó ń gbọ́ dáadáa, kí wọ́n ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀. Lọ́la ni ìyá rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbòmíì, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ló sì máa dúró ti ọmọ. Ẹ̀rù ń ba ìyá ọmọ. Ó wá fídíò mẹ́ta tí wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí Bàbá mú ọ̀kan. Bàbá ní òun ò ní í tan ohun tí òun ò yẹ̀ wò fún ọmọ ọlọ́mọ.

"Bàbá, èyí àkọ́kọ́ rèé. Àwọn tó mọ̀ nípa ọmọdé ló ṣe é."

"Dúró ná." Bàbá na ọwọ́, ó kan tábìlì tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Kó, kó, kó. "Àgò onílé o."

Tẹlifíṣọ̀n kò dáhùn.

"Àgò onílé o."

"Bàbá, wọn ò lè gbọ́ yín níbẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ti rí wolé-wolé. Èmi kì í wọlé onílé láìkágò. Tí onílé ò bá dáhùn, aládùúgbò á dáhùn fún un. Ìwọ lo sún mọ́ wọn jù."

Ó wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Ojú náà le koko.

"Àgò yà, Bàbá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má sá, wolé-wolé ni. Tàn án."

Àgbébọ̀ adìẹ kan jáde, ó wé gèlè, ọmọ rẹ̀ márùn-ún tò tẹ̀lé e nínú pálọ̀ kan tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Ìyá kọrin, ọmọ kan gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ku mẹ́rin. Ìyá tún kọrin, ó ku mẹ́ta.

"Dá a dúró," ni Bàbá wí.

"Ó kù díẹ̀ kó parí, Bàbá."

"Tó bá parí, ṣé ẹnì kankan á kù? Dá a dúró. Adìẹ ń gbé inú pálọ̀, mo rí i, mo dákẹ́. Wọ́n tò sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo rí i, mo dákẹ́. Wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ lójú gbogbo ayé, mo tún fara mọ́ ọn. Àmọ́ ọmọ márùn-ún ti di mẹ́ta láàárín orin méjì, ìyá wọn sì ń jó. Àrùn ti wọ ilé yẹn."

"Ìṣirò ni. Ìyọkúrò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Ta ló yọ wọ́n kúrò?"

"Kò sẹ́ni tó yọ wọ́n. Wọ́n jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan lọ, ó ku mẹ́rin."

"Ó lọ síbo?"

"Ó kàn lọ ni, Bàbá."

"Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa náà nìyẹn. 'Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ni.' Tí o bá dé ẹ̀yìnkùlé wọn báyìí, wàá rí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́."

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lápò, ó tàn án sí igun tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ ara sí òsì bí ẹni fẹ́ yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ọmọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà tẹ ara sí òsì.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ìyẹ́."

"Bàbá, gbogbo wọn ló máa padà wá nígbẹ̀yìn. Mo ti wò ó dé òpin."

"Wọ́n á padà wá láti ibi tí ẹnì kankan ò mọ̀, wọ́n á wá dà pọ̀ mọ́ ìyá wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀?" Bàbá mi orí. "Mo ti ilé yẹn pa. Ó ku èwo?"

Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó wo ọmọ tirẹ̀ bóyá ó tilẹ̀ gbádùn orin adìẹ. Ọmọ náà kò wo tẹlifíṣọ̀n rárá. Ẹnu Bàbá ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fara balẹ̀ wo eléyìí. Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Òun ni mo gbọ́kàn lé."

Kó, kó, kó. "Àgò onílé o."

"Àgò yà." Ó tètè dáhùn kí iṣẹ́ lè yá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan jáde, aṣọ ọlọ́nà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, mò ń wá bọ́ọ̀lù mi. Ẹ bá mi wò ó. Níbo ni bọ́ọ̀lù mi wà?" Bọ́ọ̀lù pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi tó agbada tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àpèjẹ.

"Ẹ̀yìn rẹ ni," Bàbá dá a lóhùn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ọ̀tún. "Ṣé ibí ni?"

"Mo ní ẹ̀yìn rẹ."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo òkè. "Àbí òkè ni?"

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó lẹ́bí?"

"Olùkọ́ ni, Bàbá. Ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà."

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ dáadáa. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni, kí ọmọ lè bá a sọ ọ́."

"Háà, èyí tó mọ̀ tó ní òun ò mọ̀. Mo mọ irú wọn. 'Ẹ̀gbọ́n wolé-wolé, a ò pọn omi sílé.' Ìkòkò á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tanwíjí á ti máa jó nínú omi, wọ́n ti fẹ́ hu ìyẹ́ di ẹ̀fọn."

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ sétí, ó dákẹ́, ó ń dúró de ìdáhùn ọmọdé. Ìyá ọmọ ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ó ń fi ètè tirẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ náà láìmú ohùn jáde: ẹ̀yìn, ẹ̀yìn. Ọmọ na ọwọ́, ó ki ìka bọ Bàbá nímú.

"O káre," ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "O mà mọ ọ̀rọ̀ sọ o."

"Irọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí pẹ̀lú ìka nínú imú. "Ọmọ yìí ò lanu. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà. Ọkùnrin yìí ń jẹ́rìí èké."

"Mo mọ̀ pé kò lanu, Bàbá."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Bàbá rọra yọ ìka ọmọ kúrò.

"Ṣé mo ṣì í sọ ni?"

"Ẹ ò ṣì í sọ. Lọ́la màá máa sọ 'ẹ káàárọ̀ o, kí la lè bá yín ṣe' fún àwọn tí mi ò rí ojú wọn rí, ọmọ tèmi á jókòó sílé láìsọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ti gbogbo wọn pa, ta ló máa kọ́ ọ?"

Bàbá ro ó. "Ìyá Onílé á sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Tó bá rí ohun tó tó ó sọ. Onílé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ayálégbé ló ń pariwo."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé méjèèjì mì, ó tẹ rìmóòtù.

"Ó ku ẹyọ kan. Àwọ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Kò sí adìẹ, kò sí bọ́ọ̀lù."

"Àgò onílé o."

"Àgò yà." Kò tilẹ̀ rò ó mọ́ kó tó dáhùn.

Ẹja pupa kan wẹ̀ jáde, ẹja àwọ̀ ewé kan tẹ̀lé e, wọ́n gbé báàgì ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ibi tí èjìká ì bá wà. Ilé wọn, ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọjà wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ omi. Bàbá ń wò wọ́n lọ, kò ní kí wọ́n dá a dúró. Ìrètí sọ jí nínú ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn, Bàbá?"

"Irú omi wo nìyẹn?"

"Òkun ni."

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni òkun, Bàbá."

"Abájọ tí wọn ò fi dé e. Mo ti torí kete omi kan tí kò ní ìdérí gbé àgbàlagbà lọ sí kóòtù rí. Eléyìí, omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, odindi ìlú, ìdérí kankan kò sí."

"Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi dé òkun?"

"Páànù. Mi ò ní kí wọ́n ṣe é tán lónìí. Èmi máa ń fún èèyàn láyè."

"Ẹ̀fọn kì í yé sínú òkun, Bàbá."

"Ṣé o ti débẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Kò tíì débẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó bí i nínú jù nìyẹn.

"Wo èyí pupa yẹn," Bàbá ń bọ́rọ̀ lọ. "Ó fẹ́ jẹun, kò sì fọwọ́."

"Kò lọ́wọ́, Bàbá."

"Ìwọ náà rí i. Ibi tí ọ̀bùn ń báni dé nìyẹn."

"Inú omi ni wọ́n bí i sí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń wẹ̀."

"Láìlọ ọṣẹ kan."

Ìyá ọmọ pa tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ó tán, Bàbá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ti tì pa. Mi ò ní òmíràn."

Òógùn iṣẹ́ ti bo awò ojú Bàbá. Ó bọ́ ọ, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

"O ò sọ fún mi pé ó ku ọ̀kan."

"Èwo ló kù?" Kò gbé orí.

"Èyí tí bàbá arúgbó wà nínú ẹ̀. Ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Pálọ̀ wọn ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ mi ò rí adìẹ, mi ò rí omi. Bàbá yẹn ò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wo bó ṣe di ọmọ mú, kò ní í jẹ́ kó ṣubú. Ọmọ náà sì fara mọ́ ọn." Ó ń nu awò rẹ̀ lọ. "Èyí wù mí. Tí o bá lè tan èyí fún wa lọ́la láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, má bẹ̀rù."

Ìyá ọmọ gbé orí sókè, ó bojú wẹ̀yìn. Tẹlifíṣọ̀n dúdú, kò sí iná nínú rẹ̀, ó ń dán bí omi inú àwo. Ó rí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó lanu kó sọ fún Bàbá, àmọ́ Bàbá ti na ọwọ́ sí tábìlì.

"Jẹ́ kí n kágò fún wọn ná," ni Bàbá wí. Kó, kó, kó. "Àgò onílé o."

Ìyá ọmọ kò dáhùn bó ti ń dáhùn bọ̀, bàbá àti ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n ló ṣì ń wò.

"Àgò onílé o."

Ọmọ orí ẹsẹ̀ Bàbá yọ ìka kúrò lẹ́nu. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń pe onílé, onílé, tí ẹlòmíì sì ń dáhùn fún un. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà mọ́.

"Àò yà," ọmọ náà wí.

Rìmóòtù bọ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Orí orúnkún ló fi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ tún kágò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún kágò."

"Àgò onílé o."

"Àò yà." Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ohùn onílé tí ayálégbé ti dà láàmú.

Ìyá rẹ̀ sunkún, kò tún gbé e mì mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró nu imú. "Bàbá, kò sí fídíò kankan níbẹ̀. Mo ti pa á tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin àti òun. Pálọ̀ wa lẹ ń wò yẹn."

Bàbá rọra fi awò sójú. Ó wo bàbá arúgbó yẹn dáadáa, ó wo ọmọ, ó wá wo òkè.

"Ilé yìí ni?"

"Ilé yìí ni, Bàbá. Ohun tí ẹ ṣe lónìí náà ni kí ẹ máa ṣe fún un lọ́la."

"Onílé sì ti ní kí n wọlé?"

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà. "Ìwọ ayálégbé, dìde lọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ilé aláǹtakùn wà lókè orí bàbá yẹn."