Àmì Pupa Abẹ́ Àwo Màmá Àgbà

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀, nítorí bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀. Bí ẹ bá sì ní òjò náà ti dá, á ní òun lòun ní kó dá. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbé páálí ńlá kan wọ pálọ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gbé òkè láti ìlú kan dé ìkejì.

ARÁNṢỌ: Ẹ káàsán o, Bàbá Ìbejì.

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀ pé o máa wá.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

MO-TI-MỌ̀: Ó jáde. Kí lo gbé wá, ìyàwó mi kékeré? Má tilẹ̀ sọ ọ́. Mo ti mọ̀. Ẹyin ni.

ARÁNṢỌ: Àwo ni, ẹ̀gbọ́n.

MO-TI-MỌ̀: Ohun tó wà lọ́kàn mi náà nìyẹn. Àwo tí wọ́n fi ń jẹ ẹyin.

ARÁNṢỌ: Àwo tánganran Màmá Àgbà ni. Ẹ ṣáà rántí pé nǹkan ńlá méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èmi àti ìyàwó yín: máṣíìnì ìránṣọ wọn, àti àwo yìí. Ìyàwó yín ló dàgbà jù, òun ló kọ́kọ́ mú, ó sì mú máṣíìnì.

MO-TI-MỌ̀: Èmi ni mo ní kó mú un.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀gbọ́n mi tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹnu abẹ́rẹ́?

MO-TI-MỌ̀: Ó ń lò ó dáadáa. Wo kọ̀rọ̀ yẹn.

Máṣíìnì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fi aṣọ tábìlì bò ó lórí bí ìyàwó tuntun, tẹlifíṣọ̀n gùn ún lẹ́yìn, òdòdó oníke sì gun tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn.

ARÁNṢỌ: Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ fi rán ni?

MO-TI-MỌ̀: Ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n dúró. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́?

ARÁNṢỌ: Bàbá Ìbejì, máṣíìnì tèmi ti kú pátápátá. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wo ìka mi, abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ di asẹ́. Àwọn oníbàárà mi ti ń yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe pààrọ̀: ẹ gba àwo, ẹ fún mi ní máṣíìnì.

MO-TI-MỌ̀: Pààrọ̀ kẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pààrọ̀, ohun méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èmi tí ò ń wò yìí, ojú mi ni òṣùwọ̀n ohun àtijọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àwọn tó yẹ kó kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ wọn. Mú ọ̀kan wá.

Aránṣọ tú àwo kan kúrò nínú àgékù aṣọ tó fi wé e. Àwo náà funfun báláú, òdòdó búlúù wà láàárín rẹ̀, wúrà tín-ín-rín yí etí rẹ̀ po. Mo-Ti-Mọ̀ fi ìka ta á. Ó dún bí agogo, ó sì pẹ́ kí ìró rẹ̀ tó lọ.

MO-TI-MỌ̀: O gbọ́? Ó ń wúkọ́.

ARÁNṢỌ: Létí tèmi, bí agogo ló ṣe dún.

MO-TI-MỌ̀: Agogo tó ń wúkọ́ ni.

Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwo kọjá, òjìji ìka rẹ̀ hàn kedere lódì kejì.

ARÁNṢỌ: Wọ́n ní tánganran gidi ló máa ń fi ìka hàn báyẹn.

MO-TI-MỌ̀: Àwọn ta ni? Àwo tó bá ń fi ìka hàn, àwo tó ń tú àṣírí onílé ni. Bu ọbẹ̀ sí i, kí àlejò ti ìsàlẹ̀ máa ka ẹran rẹ.

Ó yọ ahọ́n, ó lá etí àwo náà.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń lá a?

MO-TI-MỌ̀: Mo fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Hùn. Ọmọdé ni. Àná ni wọ́n bí i.

ARÁNṢỌ: Màmá Àgbà ti ní in kí wọ́n tó bí ìyá wa.

MO-TI-MỌ̀: Ìyá yín náà, ọmọdé ni. Kó àwo rẹ padà sílé, kí àwọn adìyẹ rẹ máa fi mu omi.

Omi lé ròrò sójú aránṣọ. Bó ti ń dojú àwo dé láti tún un wé, abẹ́ rẹ̀ yọ sí Mo-Ti-Mọ̀. Àmì pupa kan wà níbẹ̀: ìlà kan tó ká bí ìkọ́, pẹ̀lú ẹ̀kán roboto méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo-Ti-Mọ̀ fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ níbi tí a kì í dárúkọ.

MO-TI-MỌ̀: Dúró! Kí nìyẹn?

ARÁNṢỌ: Àmì yìí? Màmá Àgbà ló—

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀! Ìyá arúgbó fi ọrọ̀ pamọ́! Ṣé ó wà lábẹ́ gbogbo wọn?

ARÁNṢỌ: Gbogbo wọn ni. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èékánná ni wọ́n—

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀! Èékánná kẹ̀! Níbi tí ọba jókòó sí, èékánná lo rí. Gbọ́, amọ̀kòkò kan wà láàfin ọba lókè òkun. Ojú kan ló ní. Àmì rẹ̀ lò ń wò yìí.

ARÁNṢỌ: Ojú kan? Ẹ̀kán méjì ló wà níbí, ẹ̀gbọ́n.

MO-TI-MỌ̀: Ọ̀kan ni ojú tó ní. Èkejì ni èyí tó ń wá.

ARÁNṢỌ: Ìkọ́ yìí ńkọ́?

MO-TI-MỌ̀: Imú ọba nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ká. Àwo mẹ́fà péré ni ọkùnrin náà mọ kó tó kú.

ARÁNṢỌ: Mẹ́jọ ló wà nínú páálí yìí.

MO-TI-MỌ̀: Ó mọ méjì lẹ́yìn tó kú.

ARÁNṢỌ: Báwo lẹni tó ti kú—

MO-TI-MỌ̀: Èmi àti ìwọ, ta ló wà níbẹ̀?

Aránṣọ wo àwo, ó wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo máṣíìnì tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Omi ojú rẹ̀ gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé àwo náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wé ìkókó.

ARÁNṢỌ: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ là mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n máa kó ẹrù ọba lọ.

MO-TI-MỌ̀: Lọ síbo? Ṣebí pààrọ̀ lo bá wá?

ARÁNṢỌ: Ẹ ní kí adìyẹ máa fi mu omi.

MO-TI-MỌ̀: Adìyẹ ọba ni mo ní lọ́kàn.

ARÁNṢỌ: Ẹ ní ó ń wúkọ́.

MO-TI-MỌ̀: Ikọ́ ọlọ́lá ni! Ọlọ́lá kì í pariwo. Á kàn wúkọ́ ni, gbogbo ilé á dìde.

ARÁNṢỌ: Ẹ tún ní ohun méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

MO-TI-MỌ̀: Láàárín àna sí àna, kí ló ń jẹ́ dídọ́gba? Mo fi àpótí ìjókòó rẹ̀ kún un.

ARÁNṢỌ: Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì?

MO-TI-MỌ̀: Mo fi gbogbo òwú tó wà nínú rẹ̀ kún un. Mo fi àlùmọ́gàjí Màmá Àgbà lé e. Kí ló tún kù?

ARÁNṢỌ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó máa gbà?

MO-TI-MỌ̀: Òun fúnra rẹ̀ ló ní ohun tí mo bá ti sọ lórí ogún yìí, abẹ gé e.

Ó ti gbá tẹlifíṣọ̀n mọ́ra. Òdòdó oníke já bọ́ sílẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Ó fa aṣọ kúrò lórí máṣíìnì, eruku bo pálọ̀, àwọn méjèèjì sín.

ARÁNṢỌ: Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àmì yẹn ṣe jẹ́ fún yín ná, kó má baà dẹjọ́ lọ́la. Màmá Àgbà—

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀!

ARÁNṢỌ: Ẹ ò tíì gbọ́.

MO-TI-MỌ̀: Ohun tí mo ti mọ̀, kí ni mo tún fẹ́ gbọ́ sí? Ìwọ ni kó o gbọ́: bí o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, pààrọ̀ ti parí. N kò fẹ́ gbọ́ “Bàbá Ìbejì, mi ò ṣe mọ́.” Kò sí ìpadàsẹ́yìn.

ARÁNṢỌ: Fún èmi nìkan ni, àbí fún ẹ̀yin náà?

MO-TI-MỌ̀: Fún èmi ju ìwọ lọ!

ARÁNṢỌ: Ó dáa, ẹ bá mi gbé e rù.

Ó gbé máṣíìnì rù ú, ó fi àpótí kọ́ ọ lápá, ó ti àlùmọ́gàjí sínú àpò rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ti òun náà síta. Bí aránṣọ ṣe fẹsẹ̀ tẹ ìta báyìí, ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ ti páálí, ó tutọ́ sí abẹ́ àwo kan, ó ń fi èékánná ha á kí àmì ọba lè dán. Ẹ̀kán pupa kan ṣí kúrò, ó lẹ̀ mọ́ ọn ní èékánná pẹ́ki.

MO-TI-MỌ̀: Ìyàwó mi kékeré! Ojú kan ti yọ o!

ARÁNṢỌ: Èwo níbẹ̀? Èyí tó ní, àbí èyí tó ń wá?

MO-TI-MỌ̀: Kí… kí lo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan nípa Màmá Àgbà?

ARÁNṢỌ: Háà, ṣebí ẹ ti mọ̀? Màmá Àgbà kò mọ̀wé, àwọn aládùúgbò sì fẹ́ràn láti máa yá nǹkan lọ́wọ́ wọn láìdá a padà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ra ọ̀dà èékánná kan, wọ́n fi kọ àmì yẹn sí abẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní, kí kálukú lè mọ ọ̀nà ilé.

MO-TI-MỌ̀: Gbogbo ohun tí wọ́n ní?

Aránṣọ yí padà níta ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí máṣíìnì má baà yẹ̀ lórí rẹ̀.

ARÁNṢỌ: Gbogbo rẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ó wà lábẹ́ garawa, ó wà lábẹ́ ìkòkò, ó sì wà lábẹ́ póò tí wọ́n ń tọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ mi ni póò yẹn wà. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wá fún yín, àbí bí ọba ṣe fi í sílẹ̀ náà lẹ fẹ́ ẹ?