Èdè Tí Kọ̀ǹpútà Wa Kò Gbọ́

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kan sọ mí di ọ̀dẹ̀ ní Yábàá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná.

Ayé ìjọba ológun ni. Mo wà lọ́dún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Télọ̀ ni bàbá mi ní Pápá Àjàó, ojú rẹ̀ sì ti ń lọ. Dókítà ti sọ fún wa pé ohun tó kù níbẹ̀ lè má ju ọdún kan lọ. Àdúrà kan ṣoṣo ni bàbá wá ń gbà: kí òun fi ojú ara òun rí mi nínú aṣọ àti fìlà àwọn tó ń gboyè. Oṣù mẹ́wàá ló kù kí n jáde. Ẹ rí i pé kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Mo fi ṣeré.

Iṣẹ́ àṣejáde wa ni kí oníkálukú kọ ètò tí kọ̀ǹpútà máa fi ṣírò bí afárá ṣe máa gbé ẹrù. Olùkọ́ ní ká yan èdè kọ̀ǹpútà tó bá wù wá, ká ṣáà kọ́kọ́ béèrè èyí tó wà lórí ẹ̀rọ. Gbogbo kíláàsì mú FORTRAN, torí òun ni àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti jáde lò. Èmi ńkọ́? Mo ní èdè àwọn arúgbó ni. Mo lọ ra ìwé àlòkù kan lórí Pascal, èdè kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́bàá ọ̀nà ní Sábó, orí méjì ìkẹyìn ti ya dànù, mo sì gbé e há abíyá kiri bíi pé èmi ni mo kọ ọ́.

Síkírù ọ̀rẹ́ mi ní, “Ṣó o tiẹ̀ ti béèrè ní yàrá kọ̀ǹpútà?” Mo ní kó lọ jókòó. Béèrè kẹ̀! Èmi tí mo mọ ohun tí gbogbo kíláàsì ò mọ̀?

Bàbá mi náà bi mí, níbi tó ti ń fọwọ́ wá ihò abẹ́rẹ́. “Ẹnjiníà mi, èdè tó ò ń kọ́ yìí, ta ló ń sọ ọ́ nílé ìwé yín?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. “Bàbá, ẹ̀yin náà! Kì í ṣe irú èdè yẹn.”

Ó ní ó dáa. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi kí n bá òun ki òwú bọ̀ ọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí àṣírí tètè tú ni bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré la ní, yàrá rẹ̀ sì máa ń wà ní títì. Bírò la fi ń kọ gbogbo ètò sínú ìwé, orí ara wa la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ ṣàlàyé iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùkọ́ ni wọ́n tó máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí méjì lórí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ Pascal kún ìwé mẹ́rin. Orí méjì tó ya, làákàyè tèmi ni mo fi dí i. Àwọn ọmọ ọdún kejì ń pè mí ní Ọ̀gá Pascal, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tó kàn mí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ. Síkírù àti àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Mo tẹ ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ní àṣìṣe ni. Mo tún un tẹ̀. Àṣìṣe. Mo kọjú sí màmá tó ń ṣọ́ yàrá náà. “Mà, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ o.”

Màmá wo ẹ̀rọ, ó wo ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Kò bàjẹ́. FORTRAN nìkan ló wà nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé e wá. Ta lo bi?”

Mo kó ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rín àwọn ará ojú fèrèsé ló lé mi jáde.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń tú Pascal sí FORTRAN, mi ò jẹun dáadáa, mi ò wẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùkọ́, wọ́n fi ètò mi sórí ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àfi pé ó ní tí ọkọ̀ àjàgbé bá gun orí afárá mi, afárá náà á tẹ̀ sókè. Olùkọ́ àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Arákùnrin, ṣé ọ̀run ni afárá yìí ń lọ ni?” Wọ́n rín in títí, èmi náà bá wọn rín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá ti rán agbádá tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè mi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un tán, kò bú mi. Ó ká agbádá náà jẹ́jẹ́. “Ọdún kan péré ni. Á pé.” Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

FORTRAN yẹn, ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó pé, ojú bàbá ti fọ́ pátápátá. Lọ́jọ́ tí mo gboyè, mo wọ aṣọ ìgboyè náà, mo lọ jókòó tì í. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tọ ojú rírán láti èjìká dé etí aṣọ, ó wá pòṣé. “Ẹni tó rán èyí ò mọṣẹ́.” Ó fọwọ́ kan fìlà, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó bá omi níbẹ̀.

“Ẹnjiníà mi, èyí tó o wá kọ́ yìí, ṣé wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìwé yín?”

“Wọ́n ń sọ ọ́, bàbá.”

Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, ẹkún ló pọ̀ jù nínú tèmi.

Títí dòní, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan kí n má béèrè ìbéèrè bàbá: ta ló ń sọ ọ́ níbí? Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ìbéèrè bàbá yìí ti pọ̀ jù. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tí àìbéèrè gbà lọ́wọ́ mi.