Bí Bánjí Akíntìmẹ́hìn Ṣe Jí Òkun Dìde

Ẹ bá mi kí Bánjí, ọmọ Akíntìmẹ́hìn, ọmọ atukọ̀ tí ìgbì ń yà fún, ọmọ baba tó bá ẹja kan jà lọ́jọ́ mẹ́ta, tí ẹja já bọ́, tí baba sì ní òun ló forí jì í. Bánjí yìí ni agbálẹ̀ àgbà ní ibùdó tí sátẹ́láìtì ń fi àwòrán òkun ránṣẹ́ sí. Ewéko wẹ́wẹ́ tí ń léfòó lójú òkun ni sátẹ́láìtì náà ń ṣọ́, àwọn tó ń fún ayé ní èémí, tí ẹja sì ń jẹ. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí, àwọ̀ ewé a hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọ̀ ewé pòórá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀bìṣemíjú, ọ̀gá ibùdó, ẹni tí oyè rẹ̀ gùn ju ọkọ̀ ojú omi lọ, wo kọ̀ǹpútà títí, ó ní òkun ti kú. Kò yọjú wo òkun o, bẹ́ẹ̀ òkun kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí fèrèsé rẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí apẹja kankan má ju àwọ̀n mọ́. Ojú gbogbo ìlú fà ro. Ìyá ìyàwó Bánjí, tí kò níṣẹ́ méjì ju ẹja lọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibùdó, ó ń sunkún.

Ta ni yóò gbọ́ ẹkún àna tí yóò tún jókòó? Akọni dìde, ọkùnrin bí ọkùnrin, ó gbé àkàbà, ó gun òrùlé lọ bá àwo ńlá tí ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run. Àkàbà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n akíkanjú kì í bojú wẹ̀yìn. Ó gbá páànù kan tó bo àwo náà mú, ó fà á sọ nù. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá sùn sí: ọgọ́rin ẹja ṣàwá, wọ́n ti gbẹ dáadáa. Ó kó gbogbo wọn sẹ́wù, kò dá ọ̀kan sí.

Àwọ̀ ewé tàn kárí kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa lẹ́tà ya, ó wá bèèrè pé, “Ta ló sá ẹja sínú àwo ìjọba?”

Ìyá nu ojú. “Ẹja tí mo fi ta àna mi lọ́rẹ ní Sátidé nìyẹn, ọ̀gá. Ó ní òun ti rí ibi tí ológbò ò lè dé.”

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ ká tú ìdí akọni wò. Ẹni tó mọ ibi tí ọ̀tá sùn sí náà ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n alára tọ́ ẹja kan wò, ó tọ́ èkejì, ó nawọ́ sí ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, mo kéde fún ilẹ̀, fún omi, fún gbogbo ohun tí ń fò lójú ọ̀run, pé òkun kò kú mọ́, Akíntìmẹ́hìn ló jí i dìde. Àti pé láti òní lọ, orí òrùlé ara rẹ̀ ni yóò máa sá ẹja sí.

Ológbò sì ti gbọ́.