Ta Ni Àwọn Oyin Mọ̀ ní Onílé?

"Ṣé o ti sọ fún àwọn oyin pé ilé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn?"

"Ta ló ní n kò sọ fún wọn?"

"Kí wá lo sọ?"

"Ṣé ìwọ ni oyin ni?"

Báyìí ni olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹjọ́ wọn wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Combe Hadley lánàá, níwájú Ọ̀gágun Tuckwell, adájọ́ abúlé wa, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Pobjoy, ẹni tí òwò bọ́tìnnì sọ di olówó, tí ó sì ra ilé ńlá Hadley nígbà ìkórè. Oyin ti ta á, ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Olùjẹ́jọ́ ni Màmá Quance, olùtọ́jú oyin ilé náà. Pobjoy ní oyin kò jẹ́ kí òun jókòó nínú ọgbà ara òun. Bí màmá kò bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn, kí ó kó kúrò nínú ahéré ẹnu géètì ilé náà tí a bí i sí.

Gbogbo wa mọ àṣà náà. Bí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ onílé tuntun, olùtọ́jú oyin yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan àpótí oyin, yóò sì dárúkọ ẹni tuntun náà fún wọn. Màmá ti ṣe é fún ọmọ ìdílé Peverel, onílé àtijọ́, tí ó fi ilé ta tẹ́tẹ́, fún oníṣòwò irun àgùntàn tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, fún opó oníṣòwò náà, àti fún àwọn ológun tí wọ́n da ọ̀dùnkún sí yàrá ìwé.

Àlùfáà jẹ́rìí pé orin ìsìnkú ni màmá ń kọ sí wọn lọ́jọ́ tí Pobjoy gba ilé. Jabez, olùtọ́jú ọgbà, ní ẹ̀rín ló ń rín.

"Jabez, ṣebí o ń sùn lábẹ́ igi ápù ni?"

"Ojú kan ni mo fi sùn, Àlùfáà."

Ọ̀gágun yíjú sí màmá. "Màmá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti oyin ni." Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún bi í, ó tún hun ún.

"Ilé mi ni," ni Pobjoy wí. "Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Ọmọ mi, àwọn tó ti lọ náà ní ìwé."

Ìgbìmọ̀ mu tíì, wọ́n gbìmọ̀, Ọ̀gágun sì dá ẹjọ́: "Ẹni tí oyin kò mọ̀ kò lè lé ẹni tí oyin mọ̀. Màmá kò ní kó lọ síbì kankan. Pobjoy, ìwọ yóò ṣí fìlà, ìwọ yóò kúnlẹ̀ níwájú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìwọ yóò sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ ni onílé."

Màmá wo ojú wíwú náà, àánú ṣe é. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ o, Ọ̀gágun. Wọn yóò pa á."

"Kí ló dé? Kí lẹ sọ fún wọn gan-an?"

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa dárúkọ onílé tuntun. Mo sọ fún wọn pé àwọn gan-an ló ni ilé. Bó bá fẹ́ kúnlẹ̀, kó tọrọ yàrá kan lọ́wọ́ wọn."